Ìlà Tó La Báńà Já: Bí A Ṣe Ń Wádìí Àléébù Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ńlá

Alẹ́ Ọjọ́rú ni, àìsùn òkú sì ku ọ̀la. Obìnrin kan dúró ti ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀, ó ń wo báńà ìyá rẹ̀ bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀. Gèlè ló kọ́kọ́ jáde, iwájú orí tẹ̀ lé e. Ojú ìyá gan-an ni ìlà funfun tín-ín-rín ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ òmíràn, láti etí kan dé èkejì, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ fà á. Obìnrin náà káwọ́ lérí. "Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná. Ìlà ti la ojú màmá mi já."

Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ náà ti tẹ bọ́tìnì ìfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀rọ ń fa íńkì dà sínú ike ìdọ̀tí, gbogbo ìgbà tí a bá sì tún bẹ̀rẹ̀ ni ìlà ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí ọ̀gá wa wọlé, kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó sọ ni pé: "Ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ tẹ ìwé àyẹ̀wò jáde, kí n kà á."

Ohun tí ọ̀gá fẹ́ kà nínú ìwé yẹn, àti ìdí tí kíkà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú fífọ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n sọ pé ó ti kú, ìwádìí ni wọn kò ṣe.

Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, ló kọ́ estate yìí fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Kó tó di gómìnà, oníwèé ìròyìn ni, ó sì ti ṣe olóòtú Nigerian Tribune. Ẹni tó mọ òórùn íńkì dáadáa ni. Lónìí, bíi ti gbogbo àdúgbò Èkó, àtẹ oníbáńà kì í wọ́n lágbègbè wa, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kò ní ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìpàdé ìjọ tàbí ìpolongo ìdìbò. Gbogbo wọn ló fẹ́ báńà, gbogbo wọn ló sì fẹ́ ẹ lọ́la.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí, flẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣe báńà, tàbí sítíkà ló ń wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Rólà ń fà á síwájú ní ìwọ̀n kékeré kan, á dúró, orí ìtẹ̀wé á sáré láti ọ̀tún sí òsì, á máa kán íńkì sílẹ̀, rólà á tún fà á. Orí ni àwa náà ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rí: bí ó bá bàjẹ́, ìyókù ẹ̀rọ di irin lásán. Abẹ́ orí yìí kún fún ihò tí ojú lásán kò lè rí. Orí Epson tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ sí DX5 ní ihò 1,440, wọ́n tò ní ìlà mẹ́jọ, 180 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán íńkì tó kéré jù tó lè tu jáde jẹ́ píkólítà 3.5; bí a bá pín lítà kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, ìpín kan ni píkólítà kan. Àwọn ẹ̀rọ fífẹ̀ tó ń tẹ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń lo orí Konica Minolta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò 512. Lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan ni ègé amọ̀ sísun kékeré kan wà tó máa ń wú tó sì máa ń sọ̀ nígbà tí iná bá kàn án. Òun ló ń ti íńkì jáde. Jacques àti Pierre Curie, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé, ló ṣàkíyèsí ní 1880 pé agbára iná àti ìfúnpá ń pàdé nínú àwọn òkúta kan. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ipá. Eruku kan, irun aṣọ kan, íńkì tó gbẹ bí ìpẹ́pẹ́, ti tó láti di ihò kan pa, ihò kan ṣoṣo tó bá sì di, ìlà funfun kan nìyẹn ní gbogbo ibi tí orí náà bá gbà kọjá.

Ìwé àyẹ̀wò kì í ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹ̀rọ á fa ìlà kúkúrúkúkúrú sórí rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ìlà kan fún ihò kan, ìdì kan fún àwọ̀ kan: sáyàn, màgẹ́ńtà, yẹ́lò àti bláàkì. Ihò tó bá ń ṣiṣẹ́, ìlà rẹ̀ á wà níbẹ̀. Èyí tó di, àlàfo ni yóò fi sílẹ̀. Èyí tí nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀, ìlà rẹ̀ á wọ́, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí babaláwo tí í ka ẹbọ fún ènìyàn láìtíì dáfá. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, ojoojúmọ́ là ń rú ẹbọ tí ẹnikẹ́ni kò dáfá sí. Yẹ́lò máa ń ṣòro láti rí lórí ohun funfun, nítorí náà ẹ gbé ìwé náà sínú ìmọ́lẹ̀ òde, tàbí kí ẹ tan iná búlúù fóònù sí i, ìlà yẹ́lò á dúdú, ẹ ó sì rí àlàfo rẹ̀ kedere.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá tẹ ìwé àyẹ̀wò kan, ó kọ nọ́ńbà 1 sí i. Ó fọ orí lẹ́ẹ̀kan péré, ó tẹ òmíràn, ó kọ 2 sí i. Ó fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Nínú ti àkọ́kọ́, àlàfo wà láàrin bláàkì. Nínú ìkejì, bláàkì ti pé, ṣùgbọ́n àlàfo ti ṣí lọ sínú màgẹ́ńtà àti ìsàlẹ̀ yẹ́lò. Ó pè wá jọ, ó ní, "Ìdọ̀tí kì í rìn. Ohun tó bá ń rìn, afẹ́fẹ́ ni."

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí òun ni ọ̀nà tí ìwádìí fi ń là. Bí àlàfo bá wà lójú kan náà nínú ìwé mẹ́ta léraléra, íńkì ló gbẹ nínú àwọn ihò yẹn, tàbí kí ihò náà ti kú pátápátá. Sùúrù àti omi ìfọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Ìkejì kò ní oògùn. Bí àlàfo bá ń ṣí kiri lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ihò ló di. Ńṣe ni afẹ́fẹ́ ń bá íńkì wọlé, ẹni tó bá sì ń fọ̀ ọ́ lọ, afẹ́fẹ́ ló ń fi kún un. Ìkẹta wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ jù: ìwé àyẹ̀wò á pé pérépéré, báńà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá di ẹsẹ̀ bàtà kẹta tàbí ìkẹrin, àwọ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, á máa ṣá lọ títí yóò fi kú. Ẹ dá iṣẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún àyẹ̀wò tẹ̀, gbogbo ihò á tún padà. Ebi ló ń pa orí náà. Íńkì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ná an. Ẹ wo ike íńkì bóyá ó ti tán, ẹ wo rọ́bà tó ń gbé íńkì lọ bóyá ó ká, ẹ wo asẹ́ àti dámpà, ìyẹn àpò kékeré tó wà lókè orí, tí asẹ́ inú rẹ̀ máa ń kún fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nígbà tó bá pẹ́.

Nítorí pé àlàfo tiwa ń rìn, kápù ni ọ̀gá yà sí. Kápù ni ibùsùn orí, ìkòkò kékeré onírọ́bà tí orí máa ń lọ sùn lé nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni pọ́ọ̀ǹpù ti ń fa íńkì láti inú ihò nígbà ìfọ̀. Kó tó lè fà á, ètè rọ́bà náà gbọ́dọ̀ fẹnu mọ́ orí pinpin. Ó fi síríńjì da omi ìfọ̀ kún inú kápù. Omi náà dúró, èyí tó fi hàn pé ìsàlẹ̀ kò jò. Ó ní kí pọ́ọ̀ǹpù ṣiṣẹ́, omi lọ wàrà, èyí tó fi hàn pé pọ́ọ̀ǹpù àti rọ́bà rẹ̀ kò di. Ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ètè kápù. Íńkì tó gbẹ ti ṣe èèpá sí igun kan, ó nípọn tó èékánná. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó rọ èèpá náà pẹ̀lú omi ìfọ̀, ó nù ún pẹ̀lú igi fóòmù, kò sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwé kẹta pé. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí obìnrin náà fi ká báńà ìyá rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìfọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa orí jù. Mo ti rí ẹni tó fi pẹ́tírólù nu orí, mo ti rí ẹni tó fi tínnà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà mọ́tò. Gọ́ọ̀mù tó so àwọn ègé inú orí pọ̀ kò lè fara da irú ìyẹn. Orí lè mọ́ lónìí, kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì yọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Omi ìfọ̀ tó bá íńkì yín mu ni kí ẹ lò. Òwú tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísítì kò gbọ́dọ̀ kan abẹ́ orí, nítorí fọ́nrán rẹ̀ á há sẹ́nu ihò, ìlà tó wọ́ á wá di méjìlá. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi síríńjì ti omi ìfọ̀ gba inú orí, ẹ rọra, ẹ̀kán-ẹ̀kán ni. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára tì í, á fọ́ ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju awọ ẹyin lọ. Èyí tó dára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni kí ẹ bu omi ìfọ̀ sínú kápù, kí ẹ gbé orí sùn lé e, kí ẹ sì lọ sílé. Èyí tí òru kan bá rọ̀, ipá kì í rọ̀ ọ́.

Ìdí tí íńkì fi ń gbẹ lẹ́nu orí ní àdúgbò wa kò jìnnà: iná. Orí wà láàrin ọ̀nà, ó ń tẹ ìgbàyà ìyàwó, wọ́n sì mú iná lọ. Ó kú síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kápù rẹ̀ wà ní ìkángun kejì. Íńkì tí a ń lò lórí flẹ́ẹ̀sì, kẹ́míkà tó ń fẹ́ lọ sáfẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é kó lè tètè gbẹ lórí báńà, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin báńà àti ẹnu orí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó sáré lọ síbi jẹnẹrétọ̀, a ó fà á, a ó sì fi ìyípo àkọ́kọ́ rẹ̀, tí agbára rẹ̀ ń lọ sókè sódò, gbá ẹ̀rọ lójú. Ẹ kọ́kọ́ pa bọ́tìnì ẹ̀rọ náà. Bí irú ti yín bá gbà kí a fọwọ́ ti orí, ẹ rọra tì í padà sórí kápù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ mí dáadáa, kí ẹ tó gbé iná sí orí sitẹbiláísà.

Èrò tèmi ni pé ínfátà kékeré kan wúlò fún oníbáńà ju jẹnẹrétọ̀ ńlá lọ, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Kì í ṣe kó tẹ báńà parí. Kó gbé orí lọ sílé ni, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ yọ àwọn ohun tó ń mú ẹ̀rọ gbóná kúrò lára rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń jẹ iná jù. Bí ó bá sì jẹ́ báńà gígùn, irú èyí tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn tábìlì ọlọ́lá, ẹ wo epo inú jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Báńà tó dúró láàrin kì í ṣe é so pọ̀. Íńkì tó ti gbẹ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í pàdé ní àwọ̀ kan náà, ojú ìpàdé wọn á sì máa hàn bí ojú àpá.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ni ẹ̀ṣẹ̀ orí. Ìlà kan wà tó máa ń hàn nínú gbogbo àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àyè àárín ọ̀kan sí èkejì sì dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ti rólà nìyẹn. Bí rólà bá fa flẹ́ẹ̀sì ju bó ti yẹ lọ, ìlà funfun á wà láàrin ìrìn orí kan àti èkejì. Bí kò bá fà á tó, ìrìn méjèèjì á gun orí ara wọn, ìlà dúdú á jáde. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ àpótí mẹ́rin, àwọ̀ kan fún ọ̀kan. Bí ìlà bá wà nínú màgẹ́ńtà nìkan, orí ni. Bí ó bá wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo mọ̀ pé ìwọ̀n ìfà ni mo fẹ́ tún ṣe, orí flẹ́ẹ̀sì tí mo fẹ́ lò gan-an ni mo sì ti ń tún un ṣe, torí pé èyí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́ kì í yọ̀ bákan náà lábẹ́ rólà. Ìdì flẹ́ẹ̀sì tuntun wúwo. Bí ẹ kò bá tú díẹ̀ sílẹ̀ fún un lẹ́yìn, yóò máa fa rólà sẹ́yìn. Ìkánjú náà ní ìlà tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó gba ibì kan lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí lẹ́ẹ̀mẹjọ, tí a ní kó gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin kí oníbàárà lè tètè lọ, kò sí ibi tí yóò fi àléébù ihò rẹ̀ pamọ́ sí.

Òjìji lẹ́yìn lẹ́tà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Orí ń tẹ̀wé ní àlọ, ó ń tẹ̀wé ní àbọ̀. Bí àlọ àti àbọ̀ kò bá ṣọ̀kan, gbogbo lẹ́tà á di méjì. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ ní àlọ nìkan. Bí òjìji bá lọ, ẹ ti rí i: ẹ tún ìṣọ̀kan rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá gbé orí sókè nítorí flẹ́ẹ̀sì tó ká gbọ́dọ̀ tún un ṣe, nítorí ẹ̀kán tó jábọ́ láti òkè yóò balẹ̀ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú kan náà ní gbogbo ìgbà, tàbí tí orí bá ń sáré lọ kọlu ògiri ẹ̀rọ, ẹ wo ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn láti ọ̀tún dé òsì lẹ́yìn orí. Àmì wínníwínní wà lára rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí orí dé. Eruku òpópónà wa àti ìkùukùu íńkì máa ń bò ó. Aṣọ tí kò ní fọ́nrán, tó rin díẹ̀, ti tó.

Ojú ọjọ́ náà ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ìwé àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ wọ̀nyí sábà máa ń ní kí yàrá wà láàrin 20 àti 32 ìwọ̀n Sẹ́lsíọ́ọ̀sì, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ má sì lọ sísàlẹ̀ jù. Nígbà òjò, flẹ́ẹ̀sì tó sùn sórí sìmẹ́ǹtì máa ń gba ọ̀rinrin, á wú létí, orí á sì máa họ ọ́. Báńà kì í tètè gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ tí ẹ bá ká a. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ lábẹ́ fáànù. Ọyẹ́ ló le jù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tí rólà ń fa flẹ́ẹ̀sì lọ, iná ìfarakínra máa ń kó sára flẹ́ẹ̀sì, irú èyí tó máa ń ta wá nígbà tí a bá bọ́ aṣọ lálẹ́. Ẹ̀kán íńkì píkólítà 3.5 kò lágbára láti kọjá nínú rẹ̀. Yóò fọ́n ká, etí lẹ́tà á wá rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ bí irun. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fọ orí nítorí èyí, íńkì rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ìso ilẹ̀ ni kó lọ wò: wáyà tó ti ara ẹ̀rọ lọ sínú ilẹ̀, tó kan ọ̀pá kọ́pà tí wọ́n gbìn jinlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wọ̀, wáyà yẹn wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì kan ilẹ̀ níbì kankan. Agbada omi kan ní igun yàrá, tàbí aṣọ tútù tí a fi kọ́, máa ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Àwọ̀ ni ìjà pọ̀ sí jù láàrin àwa àti oníbàárà. Èdè wa mọ dúdú, ó mọ funfun, ó mọ pupa, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó ní ìró ya ìyókù sọ́tọ̀: pupa yòò, pupa rúsúrúsú, dúdú kirikiri, funfun báláú. Aṣọ ẹbí òde òní kò dúró níbẹ̀. "Emerald green ni mo fẹ́ o, ẹ má ṣe é ní àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́," ni ìyá ìyàwó yóò wí, á sì na fóònù sí yín. Ohun tó wà nínú fóònù, ìmọ́lẹ̀ ni. Íńkì ni tiwa, orí ohun funfun ló sì wà. Àwọn àwọ̀ kan wà tí iná lè tàn tí íńkì kò lè dé láéláé. Ohun tó yanjú rẹ̀ fún wa ni àtẹ àwọ̀ kan tí a fi ẹ̀rọ wa, íńkì wa àti flẹ́ẹ̀sì wa tẹ̀, tí a gbé kọ́ ògiri. Oníbàárà á gbé ègé aṣọ rẹ̀ sórí àtẹ náà, nínú ìmọ́lẹ̀ òde, á sì fi ìka tọ́ka sí èyí tó fẹ́.

Kí ẹ má sì dájọ́ àwọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró kì í tíì ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Tiwa kò yí padà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí. Bí ẹ bá pààrọ̀ irú íńkì tí ẹ ń lò nítorí pé owó òmíràn dín díẹ̀, àtẹ àwọ̀ yín ti di irọ́, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ tuntun. Kí ẹ má ṣe da irú méjì pọ̀ sínú ike kan. Ó lè dì bíi wàrà tó kan nínú rọ́bà, gbogbo ọ̀nà láti ike dé orí ni ẹ ó sì fọ̀.

Àléébù mìíràn ti wà kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rárá. Fọ́tò tí WhatsApp ti fún pọ̀, tí ó ku píksẹ́lì 1,600 ní fífẹ̀, bí a bá nà án sórí báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kò ní ju píksẹ́lì 22 lọ nínú íńsì kan. Lókè títì, lójú ẹni tó wà nínú dáńfó, kò burú. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn àlejò ti ń dúró ya fọ́tò ní ìwọ̀n apá méjì sí i, ojú ẹni náà á dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì tó rin. Kò sí orí tuntun tó lè wò ó sàn.

Mo fẹ́ fi èyí kún un, torí pé n kò gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àmì orí lẹ́tà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ara ìtẹ̀wé tó dára. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà tí àwọn ọmọ wa ń lò kò ní ẹ̀ tàbí ọ̀. Àpótí òfìfo ni wọ́n ń gbé sípò rẹ̀, tàbí kí wọ́n jù ú nù pátápátá. Mo ti rí báńà ìsìnkú tí "ọkọ rere" di "oko rere". Bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ọkọ ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin iṣu sí, gbogbo ẹbí sì dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Fọ́ǹtì tó ní gbogbo àmì Yorùbá wà. Ẹ lo ọ̀kan nínú wọn, ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, kí ó má baà pààrọ̀ fọ́ǹtì mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì pe ẹnìkan nínú ẹbí kó ka orúkọ náà jáde ketekete.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kan ìṣó kan mọ́ ògiri. Láràárọ̀, kí ẹ tó gba iṣẹ́ kankan, kí ọmọ iṣẹ́ tẹ ìwé àyẹ̀wò kan, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì gbé e kọ́. Ní òpin oṣù, ẹ ó rí ihò tó ti ń rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ ó tọ́jú rẹ̀ kó tó jáde lójú ìyá ẹnìkan. Ìṣó ọ̀gá wa ṣì wà níbẹ̀, ìwé mẹ́ta alẹ́ ọjọ́ yẹn sì wà lábẹ́ gbogbo ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ báńà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document, ẹ mú ègé aṣọ ẹbí dání, ẹ kọ orúkọ òkú pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì wá nígbà tí òde ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta.